Ìbéèrè Ẹ̀ẹ̀kan ní Ilé Epo Bàbá Boniface

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Ẹrẹ́nà, 2025

Mo dé Ọ̀wọ̀ lọ́sàn-án. Yàrá tí mo sùn ní kékeré ni Zipporah tún fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi ò yí ohunkóhun padà níbẹ̀ àfi kọ́tìnì. Ó ti gún iyán sílẹ̀. Ó ní kí n jẹun ná kí n tó mẹ́nu ba táǹkì, nítorí láti ìgbà tí mo ti ń pè é láti Àkúrẹ́, òun ò gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu mi.

Kí n kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ bó ṣe rí, kó lè tò lọ́kàn mi. Àwọn ilé epo àtijọ́ ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, irin ni wọ́n fi ṣe táǹkì tó wà nínú ilẹ̀ wọn. Irin àti ilẹ̀ tútù kì í ṣọ̀rẹ́. Ìpẹtà máa ń jẹ ẹ́ láti ẹ̀yìn, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò dé, títí yóò fi lu. A ó yẹ gbogbo wọn wò, a ó wú wọn, a ó ri tuntun mọ́lẹ̀, irú èyí tó ní ara méjì, tó fi jẹ́ pé bí ti inú bá lu, ti òde á gbà á. Gbogbo àwọn àtijọ́ pátá la máa wú. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti ń jò, a ó tì í pa lójú ẹsẹ̀, a ó sì sọ fún àdúgbò.

Olúgbádé, ọ̀gá mi (Ọ̀gá Ó-Tán, nítorí bó ṣe máa ń parí ìpè rẹ̀ nìyẹn), ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé epo Bàbá Boniface lójú ọ̀nà Ìdàsẹn. Omi kànga Àlàájà Sàlímọ́tù tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ ti ń rùn bẹntiróòlù.

Bàbá Boniface. Ẹni tó máa ń gbé mi lé orí àgbá nígbà tí mo wà ní kékeré, kí n lè rí bí wọ́n ṣe ń wọn epo. Bí mo bá fẹ́ sọ òótọ́, orí àgbá yẹn ni gbogbo ìwé tí mo kà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Ẹrẹ́nà

Ó ń jò.

Táǹkì gbọ́dọ̀ kún kí irú àyẹ̀wò tí mo ń ṣe tó ṣeé ṣe. Mo ti ránṣẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo dé, ó ti kún. Bàbá ti kó àwọn tó ń ta epo jọ síwájú ilé, wọ́n dé fìlà, wọ́n ń pariwo: "Rhoda ọmọ Tíṣà! Ẹ wò ó, ọmọ Ọ̀ghọ̀ ni wọ́n rán sí wa! Ẹni tí mo gbé lé orí àgbá ló wá di ọ̀gá àwọn tó ń yẹ àgbá wò." Ọ̀ghọ̀ ni wọ́n máa ń pe Ọ̀wọ̀. Ojú tì mí díẹ̀, inú mi sì dùn púpọ̀.

Ipa táyà ńlá wà nínú eruku àgbàlá, etí rẹ̀ ṣì mú. Ẹnu ibi tí wọ́n ti ń da epo sí ṣì rin fún epo. Mo béèrè pé, "Bàbá, ìgbà wo lepo yìí wọlé?" Wọ́n ní, "Ó ti wà níbẹ̀." Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ohun èlò mi — Olóòótọ́ ni mo ń pè é, ọdún tí a ti jọ wà ti pọ̀ — máa ń wọn bí epo ṣe ga tó nínú táǹkì, bó tilẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n irun orí ló fi sọ̀ kalẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láìdúró. Mo wo ìwọ̀n ìgbóná tí mo sọ̀ sí ìsàlẹ̀ táǹkì: kò yí padà. Ìgbóná ò yí, epo ń dín kù, a ò sì ta ẹ̀kán kan. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù.

Ọjọ́rú, 5 oṣù Ẹrẹ́nà

Mo lọ sọ fún Bàbá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, eérú ìbẹ̀rẹ̀ Lẹ́ńtì wà níwájú orí wọn. Wọ́n gbọ́ mi parí láìdá mi lẹ́nu. Wọ́n wá béèrè ohun kan ṣoṣo: "Ṣé èmi ni mo wá ń fún wọn ní epo mu lẹ́yìn ilé?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

A ti ilé epo pa.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Ẹrẹ́nà

Àwọn ará àdúgbò pé jọ síwájú ilé Àlàájà, wọ́n ní kí n wá sọ ohun tí mo rí. Mo bu omi sínú ìgò, mo da òróró lé e, mo mì í, mo gbé e sílẹ̀ kí wọ́n máa wò ó. Òróró gun orí omi. Mo ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bẹntiróòlù ń ṣe nínú ilẹ̀: ó ń rìn gba inú yanrìn lọ títí yóò fi bá omi, á tẹ́ sórí rẹ̀, á sì máa bá a lọ síbi tí ilẹ̀ bá dà kọ. Mo ní kí wọ́n má mu omi kànga náà, kí wọ́n má fi wẹ ọmọ, kí wọ́n má ṣe mú iná dé ẹnu rẹ̀. Mo dáhùn gbogbo ìbéèrè. Mo tún mi ìgò fún àwọn tó pẹ́ dé.

Àlàájà Sàlímọ́tù — Abẹ ni mo sọ ọ́ nínú ọkàn mi — wà lẹ́nu ààwẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu náà ò gbààwẹ̀. Ó ní, "Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń pariwo, wọ́n ní imú mi ló ń ṣàìsàn. Ó dáa, imú arúgbó ti gba ìwé ẹ̀rí lónìí." Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ó wá kọjú sí ilé epo, ó fi orúkọ ọmọ Bàbá Boniface pè wọ́n: "Bàbá Theresa! Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé mímọ́ sí gbogbo ìjọ létí! Ẹ ò rí ibi tó ní kí ẹ má ba omi aládùúgbò jẹ́ kà ni?"

Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń gbọ́.

Mo ṣàlàyé dáadáa lónìí. Orin ni mo ń kọ lọ sílé.

Àbámẹ́ta, 8 oṣù Ẹrẹ́nà

Àwọn ọmọ àdúgbò ti sọ ilé epo Bàbá ní "Ta-epo-sí-kànga". Zipporah sọ fún mi. Mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù Ẹrẹ́nà

Mo wà nídìí kànga, mo ń bu omi sínú ìgò tí mo máa kó lọ fún àyẹ̀wò, nígbà tí Bàbá Boniface wọlé tàwọn ti aṣọ Mísà. Wọn ò wò mí. Wọ́n bọ́ fìlà. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yanrìn níwájú obìnrin tí wọ́n lè bí lọ́mọ. Wọ́n ní, "Àlàájà, mo ti fún ọ àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ ní ohun tí kò dáa mu. N kò mọ̀. Ẹnjiníà ló là mí lójú. Ẹ forí jì mí."

Ẹ̀rù ba Abẹ pàápàá. Ó ní, "Ẹ dìde, Bàbá, ẹ dìde, kí wọ́n má lọ sọ pé èmi ni mo ní kí ẹ dọ̀bálẹ̀." Nígbà tí wọ́n dìde tán ló tó rántí ara rẹ̀: "Ṣùgbọ́n omi wo ni mo máa fi ṣe àlùwàlá báyìí?" Bàbá ní àwọn á máa pọn ọ́n wá.

Theresa, ọmọ wọn, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, tí a jọ wà ní kíláàsì kan náà, ló sọ ìyókù fún mi lẹ́nu géètì. Bàbá ti sọ fún Fáda pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò máa kàwé ní Mísà. Àwọn ò ní dúró síwájú ìjọ mọ́ títí kànga yẹn yóò fi mọ́. Theresa ò bá mi jà. Ó kàn wo ìgò tó wà lọ́wọ́ mi, ó ní, "O ṣì ń bù ú?"

Ẹtì, 14 oṣù Ẹrẹ́nà

Mo rí Bàbá lójú ọ̀nà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi méjì. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn gbé ọ̀kan. Wọ́n ní rárá, pé ti àwọn ni.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Ẹrẹ́nà

A ti fa gbogbo epo inú táǹkì jáde. Lẹ́yìn náà la fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, torí táǹkì tó ti ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ. Òórùn epo tó kù sínú rẹ̀ ló ń gbiná, kì í ṣe epo fúnra rẹ̀. Múrítàlá tó ń wa katapílà ní òun ò gbà. "Ẹnjiníà, ohun tó ti tán ló máa wá jó?" Mo ṣàlàyé fún un pẹ̀lú sùúrù títí ó fi kúrò nídìí ẹ̀rọ, tó sì lọ mu sìgá rẹ̀ ní ìta, lẹ́yìn ọ̀nà. Lọ́la la máa wú u.

Ìṣẹ́gun, 18 oṣù Ẹrẹ́nà

Kò lu. Kò sí ihò kankan lára rẹ̀.

Ọjọ́rú, 19 oṣù Ẹrẹ́nà

N kò lè kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lánàá. Ẹ jẹ́ kí n tò ó — ta ni mò ń sọ fún pé ẹ jẹ́? — kí n tò ó.

Katapílà gbé e jáde. Múrítàlá gbé e sílẹ̀ lórí yanrìn bí ẹni gbé ọmọ. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi kun ara rẹ̀ látijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Mo rìn yí i ká. Mo fi òòlù kékeré gbá a láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, irin náà ń dún gbandi. Mo dí gbogbo ẹnu rẹ̀, mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, mo da omi ọṣẹ sí gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Bí ibì kankan bá lu, ọṣẹ á hó níbẹ̀. Kò hó. Mo sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò, mo bu ilẹ̀ rẹ̀, mo gbé e sí imú. Ilẹ̀ lásán. Ilẹ̀ tó ń rùn bí ilẹ̀.

Múrítàlá ní, "Ẹnjiníà, kò dà bí èyí tó ń jò." Mo ní kó fi táàpólì bò ó. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe nìyẹn. Mo ní kí wọ́n bò ó.

Mo lọ bá Theresa níbi iṣẹ́. Mo béèrè bíi pé n kò bìkítà: ìgbà wo lepo wọlé lọ́jọ́ tí mo wá yẹ táǹkì wò? Ó ní, "Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni. Ìwọ àti táńkà tó gbé e wá fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé lẹ́nu géètì. Inú oòrùn ló dúró sí lójú ọ̀nà ní gbogbo ọjọ́ Ajé." Ó ní Bàbá ti kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n má sọ, kí n má lọ sọ pé kò tíì tó àkókò, kí n wá jókòó kalẹ̀ bí ẹni tí wọn ò ṣetán dè. "O mọ̀ wọ́n. Wọn ò fẹ́ kí àlejò dúró."

Epo tó bá gbóná máa ń fẹ̀. Tó bá tutù, á sún kì. Epo inú táńkà yẹn ti yá oòrùn odidi ọjọ́ kan, wọ́n wá dà á sínú ilẹ̀ tútù. Ó ń tutù, ó ń sún kì, Olóòótọ́ ń wọn bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Kò purọ́. Ìwọ̀n ìgbóná tí mo sọ̀ sí ìsàlẹ̀, inú epo àtijọ́ tó ti tutù tẹ́lẹ̀ ló wà. Epo gbígbóná wà lókè, níbi tí n kò wọ̀n. Kì í ṣe ohun ìjìnlẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ní Àkúrẹ́ pé: epo tuntun, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Mo rí ipa táyà. Mo rí ẹnu ibi ìdà-epo tó rin fún epo. Mo mọ̀ pé ìdáhùn tí Bàbá fún mi kì í ṣe ìdáhùn. Ṣùgbọ́n kí n béèrè lẹ́ẹ̀kejì lọ́wọ́ Bàbá Boniface, lójú àwọn òṣìṣẹ́ wọn, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi mí yangàn? Ìyẹn ni kí n ní wọ́n purọ́. Lókè òkun níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, mo máa ń béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò bínú. Mo dé Ọ̀wọ̀, mo di ọmọ Tíṣà.

Bàbá bọ̀wọ̀ fún mi, èmi náà bọ̀wọ̀ fún wọn, àwọn ló wá dọ̀bálẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù Ẹrẹ́nà

Mo pe Olúgbádé. Ó jẹ́ kí n parí. Ó ní, "Ṣé a ò ní wú táǹkì yẹn tẹ́lẹ̀ ni? Ṣé a ò ní fún un ní tuntun? Kí ló wá bàjẹ́?" Mo ní orúkọ Bàbá. Ó ní bàbá náà á gba táǹkì tí yóò pẹ́ ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó ní bí mo bá lọ sọ ní gbangba pé mo ṣì í, gbogbo onílé epo láti Ìfọ̀n dé Arímògìjà ló máa ní ká lọ yẹ orí ara wa wò ná. "Jẹ́ kó rí bó ṣe rí, Rhoda. Ó tán."

Mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ rí ibi tí mo ti lè sọ pé mo jà. N kò rí i.

Àbámẹ́ta, 22 oṣù Ẹrẹ́nà

A ri táǹkì tuntun mọ́lẹ̀. A da omi kún un kí òjò má bàa gbé e fò jáde nínú kòtò kí kọnkéré tó gbẹ. Bàbá ń wò ó. Wọ́n ní kí gbogbo wa bọ́ fìlà, wọ́n sì gbàdúrà fún mi. Fún èmi. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi ọmọ ilé gba àwọn lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn ì bá máa dá lọ láìmọ̀. Múrítàlá ń wo ilẹ̀. Èmi náà wo ilẹ̀. A ṣe "Àmín".

Àlàájà ké láti ẹ̀yìn ògiri pé kànga ṣì ń rùn o. Mo fèsì pé ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó lọ. Òótọ́ ni, ó máa ń pẹ́. Mo ti wá di ẹni tó ń fi òótọ́ purọ́.

Ìṣẹ́gun, 25 oṣù Ẹrẹ́nà

Láti àná ni mo ti ń fi irin gígùn lu ihò sílẹ̀ yí kànga ká, mo ń gbóòórùn ohun tó bá gòkè. Mo sọ fún àdúgbò pé àyẹ̀wò ìkẹyìn ni. Láàárín ilé epo Bàbá àti kànga: kò sí nǹkan kan. Lápá kejì, lókè níbi tí ìlà ṣọ́ọ̀bù wà: imú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́.

Zipporah ló là mí lójú nídìí oúnjẹ alẹ́. Ilé epo kan ti wà lábẹ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù yẹn rí, kí wọ́n tó bí mi. Ẹni tó ni ín ti kú, wọ́n ti tà á, wọ́n tún un tà, wọ́n kọ́lé. Kò sẹ́ni tó wú táǹkì.

Ọjọ́rú, 26 oṣù Ẹrẹ́nà

A wú u lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ara rẹ̀ dà bí asẹ́. Epo tó kù nínú rẹ̀ ò tó nǹkan mọ́. Ìyókù ti bá ilẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù Ẹrẹ́nà

Àdúgbò tún pé jọ. Olúgbádé ti fún mi ní gbólóhùn náà lórí fóònù láàárọ̀: "Sọ pé a rí òmíràn pẹ̀lú." Ó ní irọ́ kankan ò sí níbẹ̀.

Mo sọ ọ́. Mo dúró níwájú wọn, mo ní, "A rí táǹkì mìíràn tó ń jò pẹ̀lú." Wọ́n kẹ́dùn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àlàájà ní, "Ẹ̀yin méjì lẹ wá pawọ́ pọ̀ lórí èmi nìkan!" Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ó dáa kó jẹ́ pé kì í ṣe èmi nìkan." Mo rí i pé ara tù wọ́n. Ìdajì ẹ̀bi ni mo bù kúrò lórí wọn, wọ́n sì ń dúpẹ́ fún un.

N kò jẹun. Zipporah béèrè bóyá ibà ni.

Ọjọ́ Àìkú, 30 oṣù Ẹrẹ́nà

Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Abẹ fúnra rẹ̀ ló gbé ìrẹsì àti adìyẹ tọ Bàbá lọ: "Omi tí ẹ pọn ni mo fi sè é, kí ẹ mọ̀." Bàbá bù nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo gbé e fún Zipporah. Ó ní, "Wọ́n fi nǹkan sí i ni?"

Ìṣẹ́gun, 1 oṣù Igbe

Mo sọ fún Bàbá.

Mo bá wọn nídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n ń rọ kẹ́ẹ̀gì. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ látòkè délẹ̀: epo tó gbóná, ipa táyà, ìbéèrè tí mo béèrè lẹ́ẹ̀kan, táǹkì tí mo ní kí wọ́n fi táàpólì bò, ọ̀rọ̀ "pẹ̀lú". Omi kún kẹ́ẹ̀gì, ó ń ṣàn sílẹ̀, wọn ò tì í.

Wọ́n ní, "Ìyẹn ni pé mo dọ̀bálẹ̀ lásán."

Wọn ò bínú. Wọ́n ń wo ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń wo ojú ọgbẹ́. Wọ́n wá sọ ohun tí n kò retí. Wọ́n ní, "Èmi ni mo purọ́ fún ọ, Rhoda. Mo ní ó ti wà níbẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Nígbà náà ẹ̀bi mi ni. Má wulẹ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti dárí jì mí, kànga á mọ́, iṣẹ́ rẹ ò gbọdọ̀ bàjẹ́ nítorí irọ́ mi. Má sọ ọ́."

Ara mi fúyẹ́. Mo kọ ọ́ síbí, kí n má bàa wá sọ lọ́jọ́ iwájú pé kò rí bẹ́ẹ̀: ara mi fúyẹ́. Mo ti ń ṣí ẹnu láti dúpẹ́.

Theresa ti wà lẹ́yìn wa, n kò mọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ tún fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un?"

Mo ti ẹ̀rọ omi pa. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì kan, Bàbá gbé kan, wọn ò sì sọ pé kí n gbé e sílẹ̀. A pọn ọ́n lọ sílé Àlàájà. Nígbà tí a ń padà bọ̀ mo ní, "Bàbá, iṣẹ́ yín kọ́ ni láti sọ fún mi. Iṣẹ́ mi ni láti béèrè." Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Ẹtì, 4 oṣù Igbe

Mo dúró kí àwọn tó lọ kí Jímọ̀ dé. Mo ní kí gbogbo ènìyàn jáde.

Ìgò náà ni mo tún mú. Mo gbé òróró kaná níwájú wọn, mo rọra dà á kún ìgò dé ẹnu, mo dé e, mo gbé e sínú abọ́ omi tútù. Mo ní kí wọ́n máa wò ó. Nígbà tó pẹ́, òróró ti lọ sílẹ̀ lẹ́nu ìgò, ó hàn kedere. Mo gbé ìgò náà sókè, mo yí i po, kí wọ́n rí i pé kò sí ihò lára rẹ̀, pé kò sí òróró nínú omi abọ́. Mo ní, "Báyìí ni táǹkì Bàbá Boniface ṣe rí. Kò jò rí. Kò jò lánàá, kò jò lọ́dún tó kọjá. Èmi ni mo ṣì í. Táǹkì abẹ́ ṣọ́ọ̀bù nìkan ló ba kànga jẹ́. Mo ti mọ̀ kí n tó sọ pé 'pẹ̀lú'."

Àlàájà béèrè, jẹ́jẹ́: "O mọ̀ nípa òróró gbígbóná yìí kó o tó wá?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Mà."

"Lọ́jọ́ tí Bàbá dọ̀bálẹ̀ fún mi ńkọ́, o wà nídìí kànga?"

"Mo wà níbẹ̀, Mà. N kò tíì mọ̀ nígbà náà pé mo ṣì í."

"Ìgbà tí o wá mọ̀ ńkọ́?"

Mo dúró de ẹnu rẹ̀. Mo fẹ́ kó bú mi, mo ti múra sílẹ̀ fún un. Kò bú mi. Ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó lọ bá Bàbá níbi tí wọ́n jókòó sí. Orúnkún rẹ̀ ò gbà á mọ́, Theresa ló dì í lápá mú kó tó lè kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá Theresa, gbogbo ohun tí mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ayé, mo kó o jẹ." Bàbá ń sọ pé kó dìde, kó dìde, ọ̀rọ̀ kan náà tó sọ fún wọn lọ́jọ́ yẹn. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ènìyàn rọ́ lọ bá wọn.

Mo da òróró nù. Mo fọ ìgò.

Àbámẹ́ta, 5 oṣù Igbe

Olúgbádé ti gbọ́. Ó ní ẹlòmíràn á wá parí Ọ̀wọ̀. Kí n máa lọ sí Ìfọ̀n, bí wọ́n bá ṣì máa gbà mí. Ó pa fóònù láìsọ pé ó tán.

Ọjọ́ Àìkú, 6 oṣù Igbe

Theresa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi: Bàbá kàwé ní Mísà lónìí. Ohùn wọn gbọ̀n níbẹ̀rẹ̀.

Mo gba ẹ̀yìn ilé epo kọjá lọ kó ẹrù. Àwọn ọmọ kan ń ṣeré níbẹ̀. "Ta-epo-sí-kànga" ni wọ́n ṣì ń pè é. Mo dúró, mo ní kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní, "Kí wá lorúkọ rẹ̀?" Mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n wò mí, wọ́n padà sídìí eré wọn.

Ọjọ́rú, 9 oṣù Igbe

Ìfọ̀n.

Onílé epo náà ni Bàbá Jonah. Àgbàlagbà ni, ojú rẹ̀ le. Kò jẹ́ kí n kí i tán. "Ìwọ lo ṣe ti Boniface?" Mo ní, "Èmi ni, sà." Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ìgbà wo lepo yìí wọlé?"

Ó ní, "Ó ti pẹ́."

Mo wo ilẹ̀. Kọnkéré ni, kò gba ipa táyà. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Ìgbà wo ló wọlé?"

Ọ̀kan lára àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pòṣé. Bàbá Jonah ní, "Ṣé o gbọ́ mi? Àbí irọ́ ni mò ń pa, lójú àwọn tí mo ń bọ́?"

Mo kúnlẹ̀ sórí kọnkéré, tèmi ti ṣòkòtò iṣẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà ń sọ fún mi pé kí n dákẹ́, kí n dìde, kí n máa dúpẹ́. Mo ní, "Ẹ dákun, Bàbá. Ìgbà wo lepo yìí wọlé?"

Ó wò mí pẹ́ títí.

"Láàárọ̀ yìí," ó ní.

Mo dúpẹ́. Mo dá Olóòótọ́ padà sínú àpótí rẹ̀, mo tì í. Mo ní mo máa dúró kó tutù, ó di ọ̀la. Ó wọ inú ọ́fíìsì lọ, ó gbé àga kan jáde fúnra rẹ̀, ó kọjá ibòji tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà, ó gbé e sílẹ̀ fún mi láàárín oòrùn.

Mo lọ jókòó sórí rẹ̀.